Ìdí tí ọkùnrin kan fi ń bọ́ lọ́wọ́ sìgá, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi bọ́: Ohun tó yẹ kí ará Soclogbo mọ̀

Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè Ìdáàṣà, àwọn ọkùnrin Soclogbo a máa ti oko bọ̀. Ẹlòmíì á gbé ọkọ́ ti ògiri, á bu omi bọ́jú, á sì lọ jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí àga gbọọrọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń dùn ni ẹnì kan á ṣá ìṣáná, tí èéfín á sì máa gòkè. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló dé. Ó ti mọ́ gbogbo wọn lára.

Àmọ́ tí ẹ bá fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ bi í bóyá ó wù ú láti jáwọ́ nínú sìgá, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn rẹ̀ yà yín lẹ́nu. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2012, nǹkan bí ẹni méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń mu sìgá ló sọ pé àwọn ń gbèrò àtijáwọ́, tàbí pé àwọn ti ń rò ó. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ẹ ń rí tí sìgá wà lẹ́nu wọn ni inú wọn kò dùn sí i.

Kí ló wá dé tí ẹnì kan fi ń jáwọ́, tí kò padà síbẹ̀ mọ́, tí ẹlòmíì gbìyànjú lẹ́ẹ̀marùn-ún tí kò sì rí i ṣe? Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ládùúgbò ni pé, "Kò ní ìpinnu ni." Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ló sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí á wo ilé ẹni tó ń mu sìgá pẹ̀lú, kí á wo iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti owó tó wà lápò rẹ̀, kí á tó dá a lẹ́bi.

Ọkùnrin lọ̀rọ̀ náà kàn jù

Lọ́dọ̀ tiwa, sìgá mímu jẹ́ ọ̀ràn ọkùnrin. Ìwádìí ọdún 2012 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé ní Nàìjíríà, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà ló ń lo tábà lóríṣiríṣi, nígbà tí ti àwọn obìnrin kò ju ìdá 1.1 lọ. Obìnrin tó bá ń fa sìgá láàárín ìlú, ojú burúkú ni wọ́n fi ń wò ó. Ọkùnrin tó bá ń fà á, wọ́n á ní ọkùnrin ni, ẹ fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ti dàgbà, sìgá ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Tábà kì í ṣe àlejò nílẹ̀ yìí. Láyé òwò ẹrú, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún síwájú, àwọn ọkọ̀ ojú omi máa ń kó tábà tí wọ́n wé bí okùn, tí wọ́n fi oje ìrèké pa lára, láti Bahia ní ilẹ̀ Brazil wá sí Ouidah, ní etí òkun Benin. Pierre Fátúnbí Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo, kọ ìwé ńlá kan lórí òwò yìí tó jáde lọ́dún 1968. Èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ tábà náà. Láti ìgbà náà ni ìkòkò tábà àti aáṣáà ti wọ ilé àwọn àgbà, títí tí sìgá inú páálí fi dé, tó sì gba ipò wọn lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Gbogbo wọn ló ń gbìyànjú, àṣeyọrí ni kò dọ́gba

Àwọn kan gbà pé tálákà kì í fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, pé àwọn tó kàwé nìkan ló mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ìwádìí kan táko èrò yìí. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ méjì, Daniel Kotz àti Robert West, gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn tó ń mu sìgá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, láti orí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì títí dé orí àwọn alágbàṣe àti àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí wọ́n rí nìyí: olówó àti tálákà, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ń gbìyànjú láti jáwọ́. Oògùn àti ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń jáwọ́, bákan náà ni wọ́n ṣe lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn tí kò tíì padà sídìí sìgá, nǹkan yàtọ̀ pátápátá. Láàárín àwọn tó wà ní ìsọ̀rí òkè, ìdá 20.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí i ṣe. Láàárín àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìdá 11.4 péré ni.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tálákà kò ya ọ̀lẹ. Wọ́n gbìyànjú tó ẹlòmíì. Ohun tó yí wọn ká ló ń fà wọ́n padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká ro ti ọkùnrin mẹ́ta. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àpẹẹrẹ lásán ni, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ irú wọn ní agbègbè Dassa-Zoumè.

Àkọ́kọ́ ni àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti kajú. Láti ìdájí ló ti ń kọ ebè. Sìgá máa ń pa ebi mọ́ ọn nínú, kò jẹ́ kí ó tètè mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Ohun tó ń mú kí ó fẹ́ jáwọ́ ni ikọ́ tó ń hú nígbà tó bá ń gun òkè, àti owó tó ń bá a lọ. Àmọ́ ọjọ́ tó bá fi í sílẹ̀, ebi àti àárẹ̀ tí sìgá ti ń bò mọ́lẹ̀ á yọjú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ oko, ojò kò sì ní dúró dè é.

Ìkejì ni ọlọ́kadà, ẹni tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjáǹ lọ́dọ̀ tiwa. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń dúró de èrò lẹ́bàá títì ni, láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Bí èrò kò bá sí, kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe ju kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì fa sìgá lọ. Bí ó bá ní òun ti jáwọ́, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á na ẹyọ kan sí i. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á kò jìnnà sí i rárá. Àgùntàn tó bá ajá rìn, ohun tí ajá bá ń jẹ lòun náà yóò jẹ.

Ìkẹta ni olùkọ́. Kò lè fa sìgá nínú kíláàsì, nítorí náà, ọ̀pọ̀ wákàtí ló fi ń wà láìfọwọ́ kàn án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń mu ún kò pọ̀. Ojú ń tì í kí àwọn ọmọ iléèwé rí i. Bí dókítà bá bá a sọ̀rọ̀, ó lè ka ìwé sí i, ó sì lè wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá lọ ra oògùn. Ọjọ́ tó bá pinnu, ọ̀nà ti là fún un tẹ́lẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ jáwọ́. Bí olùkọ́ bá ṣe é tí ọlọ́kadà kò ṣe é, ṣé ọkàn olùkọ́ le ju ti ọlọ́kadà lọ ni? Rárá o. Ẹrù tí wọ́n gbé ni kò dọ́gba.

Ẹni tí à ń bá rìn

Ìwádìí kan wà tó fi ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ gidigidi. Nílùú Framingham ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ Nicholas Christakis àti James Fowler wo àkọsílẹ̀ èèyàn 12,067 láti ọdún 1971 sí 2003, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2008. Wọ́n fẹ́ mọ bóyá ìjáwọ́ ẹnì kan ń ran ẹlòmíì.

Ó ń ràn án lóòótọ́. Bí ọkọ tàbí aya bá jáwọ́, ó ṣeé ṣe ní ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún sí i pé kí ẹnìkejì rẹ̀ má mu sìgá mọ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́, ìdá 36 ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá, ìdá 25. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbi iṣẹ́ kékeré, ìdá 34. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn ọ̀rẹ́ tó so mọ́ra wọn máa ń jáwọ́, bí ẹni pé wọ́n jọ ṣe ìpàdé.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa kò le. Ọlọ́kadà tó bá dá nìkan jáwọ́ láàárín ẹni mẹ́wàá yóò jìyà. Àmọ́ bí àwọn mẹ́ta bá jọ pinnu lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n jọ ń ṣọ́ ara wọn, ọ̀nà náà yóò rọrùn sí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwa tí a mọ bí a ti ń dá àjọ, tí a mọ bí a ti ń fi ọ̀wẹ̀ ran ara wa lọ́wọ́ lóko, kí ló dé tí a kò fi lè fi ọ̀wẹ̀ ṣe ti sìgá?

Ẹ̀sìn náà ń ṣiṣẹ́

Ohun mìíràn tó ń yí ìṣe ọkùnrin padà nílẹ̀ yìí ni ẹ̀sìn. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, èyí tí Samuel Bilewu Oschoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo lọ́dún 1947, ka tábà àti ọtí léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ. Ọkùnrin tó bá wọ aṣọ sùtánà, tó bọ́ bàtà sílẹ̀, ti wọ àárín àwọn èèyàn tí kò sẹ́ni tí yóò na sìgá sí i láàárín wọn. Ó ti pààrọ̀ ọ̀rẹ́, ó sì ti pààrọ̀ ibi tó ń jókòó sí lálẹ́.

Ẹ wo àwọn Mùsùlùmí náà nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Ọkùnrin tó ní òun kò lè lo wákàtí méjì láìfa sìgá, láti ìdájí títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, kò ní fẹnu kàn án, fún ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n. Kí ló ràn án lọ́wọ́? Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan. Gbogbo ilé ló ń gbààwẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi èéfín dán an wò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti ṣínu tán, ọ̀pọ̀ á tún ṣá ìṣáná. Bí ẹnì kan nínú wọn bá lè fi alẹ́ kún ọ̀sán, oṣù kan ti tó fún ara láti borí èyí tó le jù nínú rẹ̀.

Èrè tó wà níbẹ̀

Tábà ń pa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún káàkiri ayé, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ. Nínú bílíọ̀nù 1.3 èèyàn tó ń lò ó, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀ púpọ̀, bíi tiwa.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ jù fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1951, Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn dókítà ọkùnrin 34,439 ní Britain, wọ́n sì tọpa wọn fún àádọ́ta ọdún. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá ń mu sìgá lọ láìdúró ń pàdánù nǹkan bí ọdún 10 nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá jáwọ́ ní ọmọ 60 ọdún ń jèrè ọdún 3 padà. Ẹni tó bá ṣe é ní 50, ọdún 6. Ní 40, ọdún 9. Ẹni tó bá ṣe é ní 30 fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ padà.

Èrè náà kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lù wọ́ọ́rọ́wọ́. Láàárín oṣù kan sí mẹ́sàn-án, ikọ́ á dín kù, èémí á sì já gaara. Bí ọdún kan bá pé, ewu àìsàn ọkàn á ti dín kù sí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún. Bí ọdún mẹ́wàá bá pé, ewu kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á náà á ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò owó. Bí ẹyọ sìgá kan bá jẹ́ fáráǹkì 50, tí ọkùnrin kan sì ń mu mẹ́fà lóòjọ́, fáráǹkì 300 nìyẹn. Lóṣù, ó ti di 9,000. Lọ́dún, ó di 109,500. Ẹni tó ń wá owó iwé ọmọ, tàbí owó tí yóò fi ra ajílẹ̀ sóko, kó kúkú bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí owó náà ń gbà lọ.

Bí a ṣe lè ṣe é

Nikotíìnì, èròjà inú tábà, kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ kó tó dé ọpọlọ. Òun ló ń mú kí ara máa béèrè sí i. Bí èèyàn bá jáwọ́, inú á máa bí i, oorun kò ní kún ojú rẹ̀, oúnjẹ á sì máa wù ú jẹ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló le jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á ti lọ. Ẹni tó bá mọ èyí ṣáájú kò ní rò pé òun ti ń ṣàìsàn.

Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bá dá jáwọ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan, mẹ́ta sí márùn-ún péré ló máa ń dúró ṣinṣin fún oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá a ṣe. Ohun tí a lè ṣe nìyí:

Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ sì sọ fún ìyàwó, ọmọ àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ẹ má yan ọjọ́ tí iṣẹ́ oko ń le jù.

Ẹ wá ẹnì kan tàbí méjì tí ẹ ó jọ ṣe é.

Ẹ yẹra fún àga tí ẹ máa ń jókòó sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń mu sódábì. Ọtí àti sìgá, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Bí ọtí bá ti wọlé, ìpinnu á rá.

Bí ó bá ń wù yín, ẹ mu omi, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀, ẹ rìn lọ rìn bọ̀. Ìfẹ́ náà kì í pẹ́ púpọ̀ kó tó kọjá.

Bí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ibà tàbí ohunkóhun, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ fẹ́ jáwọ́. Lóṣù Keje ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa gba àwọn tó ń lo tábà nímọ̀ràn, bí kò tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Oògùn tó ń ranni lọ́wọ́ wà, bíi ṣingọ́ọ̀mù àti bébà àlẹ̀mára tí wọ́n fi nikotíìnì ṣe, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn abúlé ni ẹ ti máa rí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan o: ẹni tó bá fi sìgá sílẹ̀ tó bọ́ sídìí aáṣáà kò tíì jáwọ́. Nikotíìnì kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Bí ẹ bá sì ṣubú, tí ẹ fa ẹyọ kan lọ́jọ́ ìnáwó, ẹ má ṣe jù ú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti jáwọ́ pátápátá ló ti gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ dìde, kí ẹ máa bá a lọ.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ yín náà wà níbẹ̀

A mọ̀ pé ẹni tó pàtẹ sẹ́bàá títì, tí sìgá wà lórí àtẹ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná, ọṣẹ àti ṣúgà, oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń wá. A kò sọ pé kó pa ìsọ̀ rẹ̀ tì. Àmọ́ òfin wà. Benin fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí tábà lọ́dún 2005, ó ṣe òfin lórí rẹ̀ lọ́dún 2006, ó sì tún ṣe òfin tuntun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2017. Òfin náà kò gbà kí wọ́n ta sìgá fún ọmọdé, kò sì gbà kí wọ́n máa mu ún níbi tí èrò ń péjọ sí.

Nítorí náà, bàbá tó ń rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ pé kó lọ ra sìgá wá, kó jáwọ́ nínú ìyẹn ná, bí kò tíì lè jáwọ́ nínú sìgá fúnra rẹ̀. Ìyá tó ń tà á, kó má ṣe tà á fún ọmọ tí wọ́n rán. Bí oníbàárà kan bá sì sọ fún yín pé òun ti fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi àwìn lọ̀ ọ́. Ẹ tà obì fún un, tàbí ẹ̀pà.

Èyí tó kù di ọwọ́ wa

Lálẹ́ òní náà, àwọn ọkùnrin á tún jókòó lórí àga gbọọrọ ní Soclogbo. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan láàárín wọn ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kan sìgá mọ́, kó má sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn tó yí i ká bá fi í ṣẹ̀sín, yóò nawọ́ gba ẹyọ kan kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Bí ẹnì kan bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà á bá yín ṣe é," ó lè jẹ́ ọdún 9 tàbí ọdún 10 ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀ yẹn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.